Bàbá Òṣèré tó Gbé Ìsàlẹ̀ Ilé Wa

Bí ẹ bá gbé inú ilé kan rí tí àgbàlagbà ọkùnrin ti ń sunkún láràárọ̀ kí wọ́n tó jẹun, tí ẹnikẹ́ni kò sì dìde lọ wo ohun tó ń ṣe é, ẹ ó mọ irú ilé tí wọ́n ti tọ́ mi. Ní Norcross ni, ní Georgia ní Amẹ́ríkà, nínú ilé bíríkì pupa kan tí ìdajì rẹ̀ rì sínú ilẹ̀ nítorí pé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni wọ́n kọ́ ọ sí. Ohùn ilé wa láàárọ̀ ní bó ṣe máa ń tò tẹ̀lé ara wọn. Ìlẹ̀kùn garage ló máa ń kọ́kọ́ ké, ìyẹn ni pé Mummy ti dé láti ibi shift alẹ́ tó ń ṣe ní ọsibítù. Lẹ́yìn náà ni sálúbàtà Mama, ìyá bàbá mi, á máa wọ́ nílẹ̀ láti yàrá dé kíṣìnì, pẹ̀lú orin ṣọ́ọ̀ṣì tí kì í kọ tán kó tó bọ́ sí òmíràn. Daddy á máa bi gbogbo ayé léèrè ibi tí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ òun wà, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àpò ara rẹ̀ ló wà. Dèjì àbúrò mi á ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀, á sì sùn sínú ibẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni ẹkún á bẹ̀rẹ̀ láti basement, nísàlẹ̀ ilé. Ẹkún àgbà ni, èyí tó ń ti ìsàlẹ̀ ikùn wá, á ró, á já, á tún bẹ̀rẹ̀. Mummy tó ti ń tòògbé lórí ìdúró nínú aṣọ nọ́ọ̀sì rẹ̀ á tẹ́tí díẹ̀, á ní, "Tòní yìí dùn ju tàná lọ." Mama á da omi sórí ògì, á ní, "Ó ṣì kù díẹ̀ káàtó." Bí a ṣe máa ń ṣe é nìyẹn.

Ọ̀gbẹ́ni Fergus ló ń sunkún. Òṣèré ni, ọmọ Scotland, irun orí rẹ̀ funfun bí òwú, ó ga débi pé ó ní láti tẹ orí kó tó wọ ìlẹ̀kùn basement wa. Daddy ló mú un wálé. Nígbà náà, Daddy ń wa van fún àwọn tó ń ya fíìmù káàkiri Georgia, òun ló sì ń lọ gbé Ọ̀gbẹ́ni Fergus ní òtẹ́ẹ̀lì lójoojúmọ́ lọ síbi tí wọ́n ti ń ya fíìmù alápá púpọ̀ kan. Wọ́n jọ máa ń sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà I-85, nígbà tí ọkọ̀ kò bá lọ síwájú tí kò bọ̀ sẹ́yìn. Nígbà tó yá, àwọn tó kọ fíìmù náà pa á nínú ìtàn, iṣẹ́ rẹ̀ sì parí. Kò tíì fẹ́ padà sílé, oúnjẹ òtẹ́ẹ̀lì sì ti sú u. Daddy ní, "A ní yàrá kan nísàlẹ̀ ilé wa o, ẹ lè gba ìta wọ̀ ọ́ láìgun àtẹ̀gùn." Egungun ìbàdí ló ń yọ bàbá náà lẹ́nu, ọ̀rọ̀ àìsí àtẹ̀gùn yẹn ló gbà á lọ́kàn. Kò sí ẹni tó bi Mummy. Ẹ lè fojú inú wo bí ìyẹn ṣe rí. Mummy ò bá Daddy sọ̀rọ̀ títí tí bàbá náà fi jẹ ọbẹ̀ rẹ̀, tí ojú rẹ̀ pọ́n, tí imú rẹ̀ ń ṣomi, tó tún gbé abọ́ sílẹ̀ pé kí wọ́n bu sí i. Mama ló sọ ọ́ ní Bàbá Ìsàlẹ̀. Ó ní ìsàlẹ̀ ló ń gbé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ní Ìsẹ́yìn ìlú òun, ẹni ńlá tí ẹgbẹ́ kan fẹ̀yìn tì ni wọ́n ń fi oyè yẹn dá lọ́lá, ojú rẹ̀ sì jọ ti olóyè.

Díẹ̀díẹ̀ la gba ìtàn ayé rẹ̀, nídìí oúnjẹ. Bàbá rẹ̀ ń kan ọkọ̀ ojú omi ní Glasgow, òun náà sì ti ń kọ́ṣẹ́ káfíńtà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n rán an lọ tún pákó ìtàgé kan ṣe. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni ara ọ̀kan nínú àwọn òṣèré ò yá. Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n rí i pé òun nìkan ni aṣọ ẹni náà gbà. Ohun tó ní í ṣe kò pọ̀, kó wọlé, kó ní ọkọ̀ ti dé, kó jáde. "Aṣọ ni wọ́n gbà síṣẹ́," ó máa ń wí, "wọ́n kàn gbé èmi sínú rẹ̀ ni." Àmọ́ kò padà sídìí pákó mọ́. Ìyá rẹ̀ kò wá wò ó lórí ìtàgé rí títí ó fi kú. Bí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì bá bi í léèrè, á ní ọmọ òun ń ṣiṣẹ́ igi. Mama máa ń mi orí tó bá dé ibẹ̀ yẹn. Ó ní nígbà èwe òun, bí ọmọ ẹni bá bá àwọn eléré lọ, ńṣe ni wọ́n ń ṣe bí ẹni pé ó sọnù, nítorí náà òun mọ ohun tó ń ṣe obìnrin náà, ṣùgbọ́n kò dáa tó. Bàbá Ìsàlẹ̀ bá àwọn eléré rìn káàkiri àwọn ìlú tí òtútù wọn ń wọ egungun, ó ṣe ọba, ó ṣe ìránṣẹ́, ó wọ ẹ̀wù obìnrin nígbà kan tí gbogbo àwùjọ fi rẹ́rìn-ín débi pé ẹnì kan ṣubú lórí àga. Ó dé London, wọ́n dìde dúró fún un níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn onífíìmù rí i, wọ́n sì rí ohun kan lójú rẹ̀ tí àwọn elétíátà kò rí, ìyẹn ni ojú ẹni tí wọn ó pa. Láti ìgbà náà, kò sí fíìmù tó ṣe tí wọn ò pa á sí.

Èyí gan-an ló mú kí èmi àti Dèjì fẹ́ràn rẹ̀. A máa ń jókòó tì í, a ó ní, "Ti ọlọ́pàá yẹn ńkọ́, báwo lẹ ṣe kú?" Á fi ṣíbí sílẹ̀, á di àyà mú, ojú rẹ̀ á yí, á rọra yọ̀ sílẹ̀ lórí àga títí orí rẹ̀ á fi kan tábìlì. A ó máa pariwo pé kó tún kú. Lọ́jọ́ kan Mama wọlé bá a níbi tó ti ń ṣe bí ẹni tí wọ́n fún ní májèlé. Ó gbé agbada tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Kò sí nínú ilé yìí o. Àgbà kì í fi ikú dá ọmọdé lára yá. Ẹni tó bá ń pè é, ó lè jẹ́ pé ó wà nítòsí." Èmi ni ògbufọ̀, mo túmọ̀ rẹ̀. Bàbá Ìsàlẹ̀ dìde kúrò nínú ikú rẹ̀, ó nu ẹnu, ó béèrè bóyá ẹkún lè gbà, torí pé ẹkún ni òun fi ń tọ́jú ohùn òun láràárọ̀ fún iṣẹ́ eré. Mama rò ó. Ó ní ẹkún gbà, ó máa ń fọ àyà. Àdéhùn tó wà láàárín wọn nìyẹn, kò sì sí ẹni tó dà á.

Ohun kan tún wà tí kò jẹ́ kí Mama jókòó jẹ́ẹ́ ní oṣù àkọ́kọ́ yẹn: kò mọ ẹni tó dàgbà jù nínú àwọn méjèèjì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ àgbàlagbà ilé wa, ẹ ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kékeré kọ́. Ta ni yóò kọ́kọ́ kí ta ni láàárọ̀? Ta ni wọn ó kọ́kọ́ bu ẹran fún? Bàbá Ìsàlẹ̀ mọ ọjọ́ tí wọ́n bí i. Ti Mama, ọdún eéṣú ni, kí wọ́n tó la ọ̀nà mọ́tò dé abúlé wọn. Daddy mú bírò, ó ṣírò, Mama dàgbà jù. Ó tún un ṣírò, bàbá dàgbà jù. Mama gba bírò náà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ṣẹ́gun, ta ló kọ́kọ́ dé ilé yìí?" Daddy ní, "Ẹ̀yin ni, Mama." "Ó parí. Àbúrò mi ni." Nígbà tí mo túmọ̀ rẹ̀, Bàbá Ìsàlẹ̀ dìde, ó tẹ̀ba fún un bí ẹni tó wà níwájú ayaba, láti ọjọ́ náà òun ló sì ń kọ́kọ́ kí i. "Ẹ káàárọ̀, Mama." Ẹ wò ó, "r" tó wà lẹ́nu ọkùnrin yẹn! Èmi àti Dèjì tí wọ́n bí sí Georgia, ẹnu wa ti rọ̀, ohùn orí ọ̀rọ̀ ti ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ Scotland ni Mama fi ń bú wa. Á ní, "Ẹ gbọ́ bí èèyàn ṣe ń kí èèyàn."

Ìgbà tí ewé ọ̀pọ̀tọ́ ẹ̀yìnkùlé wa bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ni àwọn eléré kan ní Atlanta ránṣẹ́ sí i. Ilé iṣẹ́ àtijọ́ kan tí wọn ò lò mọ́ ni wọ́n sọ di gbọ̀ngàn tíátà, ọ̀dọ́mọbìnrin kan ni olùdarí wọn. Wọ́n fẹ́ kó ṣe bàbá apẹja kan tó pe gbogbo ọmọ rẹ̀ jọ láti pín ilé fún wọn. Òun ni olórí eré, ó sì wà láàyè títí tí aṣọ ìtàgé fi bò. Bàbá Ìsàlẹ̀ gbá Mama lọ́wọ́ mú nínú kíṣìnì, ó ń jó, ó ní, "Wọn ò pa mí o!" Mama ń sá fún un pẹ̀lú ọmọrogùn lọ́wọ́. Inú gbogbo wa dùn. Ṣùgbọ́n ká má tan ara wa, a ti ń rí nǹkan kan. Ó máa ń gbé omi kaná kó gbàgbé rẹ̀ títí kẹ́tùlù á fi máa rùn. Ìgbà mìíràn, orúkọ àbúrò rẹ̀ obìnrin ló fi ń pè mí, èyí tó ti kú kí wọ́n tó bí Daddy. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó wà ní Scotland náà ti gbọ́ ọ nínú ohùn rẹ̀ lórí fóònù. Ó ti bá a wá ààyè sí ilé tí wọ́n ń kó àwọn àgbà sí. Wọ́n jà lórí fóònù, wọ́n sì parí rẹ̀ sí ibì kan. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún wa nídìí oúnjẹ: bí òun bá rántí ọ̀rọ̀ òun lórí ìtàgé, òun ń gbé ibi tó wu òun nìyẹn, bí òun bá gbàgbé, òun á lọ síbi tí ọmọ òun ní kí òun lọ, òun ò ní jiyàn. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Mama. "Ilé tí wọ́n ń kó àwọn àgbà sí," ó ní. "Ta ni wọ́n ṣẹ̀?"

Báyìí ni ilé wa ṣe di ilé ẹ̀kọ́. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Bí mo bá ti dé láti school, èmi ni mò ń di ìwé eré mú, tí mò ń ṣe gbogbo àwọn ọmọ apẹja náà, ọkùnrin àti obìnrin wọn. Ẹ̀yìnkùlé la máa ń wà, nídìí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ata tí Mama gbìn sẹ́gbẹ̀ẹ́ fẹ́ńsì. Mama á máa tu koríko, Bàbá Ìsàlẹ̀ á máa rìn lọ rìn bọ̀, ọ̀pá lọ́wọ́ kan, tíì lọ́wọ́ kejì. Ibì kan wà nínú eré náà tó fẹ́ràn ju gbogbo rẹ̀ lọ. Apẹja náà ń dárúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fún oníkálùkù ní tirẹ̀, ó wá kan èyí tí omi òkun gbé lọ. Ìwé wí níbẹ̀ pé: bàbá dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló dárúkọ ọmọ náà, tó sì fún un ní yàrá kan bí ẹni pé ó wà níjòókòó. Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń dákẹ́. Ó ní èèyàn gbọ́dọ̀ dákẹ́ títí àwùjọ á fi mí, tí wọn á sì gbàgbé láti mí padà. Mo sọ fún Mama pé bàbá ní ìdákẹ́ náà ọ̀rọ̀ ni. Mama nàró, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Sọ fún un." Mo sọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí tíì fi dà sórí ata. Nígbà mìíràn ó máa ń ka ọ̀rọ̀ náà já geere láìsí àṣìṣe. Nígbà mìíràn á dúró láàárín ẹ̀fọ́, á máa wo ẹnu mi. Mo máa ń yára sọ ọ́ fún un kí Mama tó gbójú sókè.

Ọ̀sán Saturday kan ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ eré. Gbogbo wa lọ. Mummy gba ààyè níbi iṣẹ́, Mama wé gèlè tí Mummy ní kó má wé, ó ga débi pé ẹni tó jókòó sẹ́yìn rẹ̀ kò lè rí iwájú. Mummy sọ fún un nínú ọkọ̀, ó tún sọ fún un lẹ́nu ọ̀nà, pé ibẹ̀ kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì, wọn kì í dáhùn, wọn kì í ṣe "àmín", wọn kì í bá eléré sọ̀rọ̀. Mama ní òun gbọ́. Ó sì gbìyànjú, ẹ má jẹ́ n purọ́ mọ́ ọn. Ó jókòó bí ẹni tó wà ní kóòtù. Bàbá Ìsàlẹ̀ jáde, kò jọ bàbá tí a mọ̀ rárá. Ó ti kúrú, òkun ti jẹ ojú rẹ̀, mo sì gbàgbé pé mo mọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀. Ó dé ibi tó ti ń dárúkọ àwọn ọmọ. Ó dárúkọ wọn, ó dárúkọ wọn, ó dákẹ́. Mo mí, mo sì gbàgbé láti mí padà gẹ́gẹ́ bó ṣe wí. Gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Ó dùn mọ́ mi, mo ní bàbá yìí mà mọ iṣẹ́ o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá lọ sí irú ṣọ́ọ̀ṣì wa, ẹ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní àjọ̀dún àwọn ọmọdé, bí ọmọ kan bá dìde láti ka àkọ́sórí, tó dé àárín, tí ojú rẹ̀ wá ń yí káàkiri. Gbogbo ìjọ ní láti pàtẹ́wọ́ fún un. Kì í ṣe àtẹ́wọ́ ẹ̀yẹ, àtẹ́wọ́ pé a wà lẹ́yìn rẹ ni, kò sì sí ìyá kan tó ń ronú kó tó ṣe é. Nínú ìdákẹ́ yẹn, nínú gbọ̀ngàn tó kún fún òyìnbó, Mama gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. "Ṣe gírí, ọmọ mi," ó ní, ketekete. "Olúwa á ràn ọ́ lọ́wọ́."

Orí yí sí wa láti iwájú. Ẹnì kan ní "ṣṣ", ẹnì kan rẹ́rìn-ín, Mummy di ọwọ́ Mama mú mọ́ itan rẹ̀. Lórí ìtàgé, Bàbá Ìsàlẹ̀ yí ojú sí ọ̀dọ̀ wa, ó mí kanlẹ̀, ó dárúkọ ọmọ náà, ó sì ń bá eré lọ títí ó fi parí. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un gan-an. Òun dúró sọ́dọ̀ àwọn eléré ẹgbẹ́ rẹ̀, àwa ń lọ sílé, gbogbo wa sì dojú ìjà kọ Mama nínú ọkọ̀. Daddy ní, "Mama, ẹ ò ṣe é dáadáa." Mummy ní òun ti sọ, òun ti sọ, òun ti sọ. Olùdarí eré ti wo Mama bí ẹni tó jí nǹkan, Mummy sì ti bẹ̀ ẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Èmi ni mo wá ṣe bí ọ̀mọ̀ràn, mo ṣàlàyé fún un pé ó wà nínú ìwé, pé kò gbàgbé, pé ibi tó dùn jù nínú eré náà ló bàjẹ́ yẹn. À ń kọjá títì Jimmy Carter Boulevard. Mama wá ní, "Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́." Daddy ní bàbá kì í ṣe ọmọ tuntun. Mama tú gèlè rẹ̀, ó ká a sórí itan. Ó dun ún. Mo rí i pé ó dun ún.

Láàárọ̀ ọjọ́ Sunday, a ò gbọ́ ẹkún. Mama ti jí, ó ti se iṣu, ó ti dín ẹyin pẹ̀lú ata tó pọ̀ bí Bàbá Ìsàlẹ̀ ṣe ń fẹ́ ẹ. Orúnkún rẹ̀ kì í gbà á láti sọ̀kalẹ̀ lọ sí basement, ṣùgbọ́n ó ní òun lòun á gbé e lọ. Dèjì gbé abọ́, Mama di èjìká mi mú, a ń gba àtẹ̀gùn inú ilé sọ̀kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àpótí aṣọ bàbá wà ní ṣíṣí lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ti ká ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sínú rẹ̀. Mama rí àpótí náà, ó rò pé iṣẹ́ ọwọ́ òun ni. "Àbúrò mi," ó ní, "mo wá bẹ̀ ọ́. Mo ba iṣẹ́ rẹ jẹ́ lójú àwùjọ." Mo túmọ̀ rẹ̀. Bàbá Ìsàlẹ̀ fi ọwọ́ júwe àga fún un, òun náà jókòó sí ẹ̀gbẹ́ àpótí. Mo rántí pé ó wo èmi, kì í ṣe Mama, torí pé ẹnu mi ni ọ̀rọ̀ náà fẹ́ gbà kọjá.

"Bá mi sọ fún un," ó ní. "Ìdákẹ́ tó wà nínú ìwé ti tán kó tó pàtẹ́wọ́. Mo ya ẹnu, n kò rí orúkọ ọmọ náà. Mo wá a. Nígbà tó yá, n kò rí orúkọ àwọn yòókù mọ́. N kò mọ ilé tí mo wà, n kò mọ ìlú tí mo wà. Àwọn èèyàn kan jókòó sínú òkùnkùn, wọ́n ń wò mí. Mo wá gbọ́ ọwọ́ kan. Mo ní, mo mọ ọwọ́ yìí, Norcross ni mò ń gbé. Bí mo ṣe mọ ibi tí mo wà ni orúkọ náà dé." Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bẹ̀rẹ̀ ìtumọ̀ rẹ̀. Daddy ti dúró lẹ́nu àtẹ̀gùn lẹ́yìn wa, ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Bàbá ní àwọn tó wà níbẹ̀ rò pé eré ni òun ń ṣe, olùdarí náà rò bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun mọ̀, ó sì máa tún ṣẹlẹ̀ nínú eré tí wọn ó tún ṣe lọ́sàn-án yìí. Òun ti pe ọmọ òun. Kí Daddy jọ̀ọ́ bá òun sọ fún olùdarí pé òun ò wá mọ́. Daddy ní kó jẹ́ kí àwọn ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ná. Mo bi Mama bóyá ó ti mọ̀ nígbà tó ń pàtẹ́wọ́. "Èmi ò mọ nǹkan kan o," ó ní. "Mo rí i tó ya ẹnu tí kò sọ̀rọ̀, ọwọ́ mi lọ fúnra rẹ̀."

Ní Suwanee ni ṣọ́ọ̀ṣì wa wà, nínú ọ̀kan lára àwọn ilé ìkẹ́rùsí tó tò láàárín ibi tí wọ́n ti ń ta táyà àti ibi tí wọ́n ti ń ta àga. Mo ti ń sún mọ́ ọjọ́ orí tí Mummy wà nígbà yẹn báyìí, mi ò sì lè rántí ìwàásù kan ṣoṣo tí mo gbọ́ níbẹ̀, àfi ti ọjọ́ yẹn, ti ọjọ́ yẹn náà kò sì jẹ́ ìwàásù gan-an. Pásítọ̀ dìde, ó ní a ó ka Sáàmù kẹtàlélógún. Ó ṣí Bíbélì, ó wọ awò, ó kà á dé ìdajì, ẹnì kan wúkọ́, ó gbójú sókè, ibi tó kà dé sì sọnù mọ́ ọn lójú. Ó fi ìka wá a lórí ìwé. Gbogbo ìjọ dúró dè é. Ó rí i, ó ń bá a lọ. Mama fi ìgúnpá gbún mi nínú ìhà. "Ṣé o rí i?" Mo ní, "Kí ni, Mama?" Ó kàn mi orí. Kò kọrin mọ́ títí ìsìn fi parí. Nínú ọkọ̀, ó ní kí Daddy sáré díẹ̀, òun tó jẹ́ pé tí Daddy bá ti kọjá ọgọ́ta máìlì, á máa pe Jésù.

Mama kò bọ́ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ó sọ̀kalẹ̀ tààrà, gbogbo wa tẹ̀lé e, títí kan Mummy. Bàbá Ìsàlẹ̀ ti de àpótí. Mama ò jókòó. "Sọ fún un pé pásítọ̀ wa ti ń ka sáàmù yẹn láti kékeré. Ṣé kò mọ̀ ọ́n ni? Bó bá dé iwájú ìjọ, ó ń ṣí ìwé. Ó ń wọ awò. Ta ló bú u rí? Ta ló ní ó ti gbàgbé Olúwa?" Bàbá Ìsàlẹ̀ ní iṣẹ́ òṣèré yàtọ̀, pé ó gbọ́dọ̀ rí bí ẹni pé ọkàn òun ni ọ̀rọ̀ náà ti ń jáde. Mama ní, "Ti pásítọ̀ ò tọkàn wá ni?" Bàbá wo ilẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti gba aṣọ yẹn síṣẹ́, òun ò gbé ìwé jáde sójú àwùjọ rí, ojú á ti òun. Èyí tí Mama wá sọ, díẹ̀díẹ̀ ni mo túmọ̀ rẹ̀, torí mi ò fẹ́ kí ẹyọ kan ṣubú. "Bó o bá fẹ́ lọ, lọ nítorí pé ilé rẹ ń pè ọ́, nítorí pé ọmọ rẹ ń fẹ́ ọ. A ó sìn ọ́ dé pápákọ̀ òfurufú. Ṣùgbọ́n o ò ní torí ìtìjú kúrò nílé mi. Mo jù ọ́ lọ. Mo ní kó o gbé ìwé." Mummy fi etí aṣọ nu ojú. Bàbá Ìsàlẹ̀ gbójú sókè, Daddy ló wò. Ó ní kó bá òun pe olùdarí náà, kó sọ òtítọ́ fún un, gbogbo rẹ̀.

Gbogbo wa tún lọ, olùdarí náà fúnra rẹ̀ ló sì jáde síwájú àwùjọ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ó ní bàbá apẹja yóò mú ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ lónìí, ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ bá àwọn jókòó. Ọkùnrin kan dìde, ó jáde. Ẹlòmíràn ò jáde. Bàbá Ìsàlẹ̀ wọlé pẹ̀lú awò lójú àti ìwé lọ́wọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tètè rí ibi tó máa gbà ní ìbẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ kéré ju ti àná lọ. Ó ń kà, ó ń gbójú sókè, ó ń padà sínú ìwé. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ mi ò rí ìwé náà mọ́, tàbí kí n ní mo rí i, ṣùgbọ́n ti apẹja náà ni, ó jọ ohun tó yẹ kí irú bàbá bẹ́ẹ̀ mú lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó ń pín ilé. Ó dé orí àwọn ọmọ. Ó dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi di ọwọ́ Mama kan mú, Dèjì di ìkejì mú, Mummy ló rán wa. Ó dákẹ́. Ó gbójú sókè kúrò lórí ìwé, ó ń wo inú òkùnkùn, ó pẹ́, ó pẹ́ ju ti àná lọ. Ọwọ́ Mama tó wà nínú tèmi ò jà rárá. Bàbá wá tẹ orí ba, ó fi ìka wá ibẹ̀ lórí ìwé, lójú gbogbo wa, kò kánjú, ó rí i, ó sì ka orúkọ ọmọ náà.